Àdúrà fún Iyàrá Tó Dojú Kọ Tiwa

Ọdún kan wà tí wọ́n sọ ọ́ dèèwọ̀ nílé wa ní Ìsọlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà fún ara rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i bó bá ṣe yín bí àlá. Bí inú bá ń run ọ́, wàá fọwọ́ dì í mú títí ẹlòmíràn yóò fi rántí ẹ níwájú Ọlọ́run. Bí o bá ń wá iṣẹ́, wàá máa wo ẹnu aládùúgbò ẹ bí ajá tó ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹ eegun. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní gbà mí gbọ́. Mo jókòó síwájú ilé mi níbí lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, òmíràn wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjú síra bí àgbò méjì tó fẹ́ kàn. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pariwo: tèmi, tèmi, tèmi. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ẹlòmíràn nínú àdúrà wọn, kí iná jó onítọ̀hún ni. Bí Ọlọ́run tó wà lókè Ìsọlọ̀ ò bá tíì di adití, á jẹ́ pé Ó ti kó lọ sí Ìkòròdú, níbi tí ilẹ̀ ti gbòòrò díẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí ìwé tó kà mí tán, nítorí náà ẹ má retí ẹ̀kọ́ Bíbélì lẹ́nu mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọbẹ̀ tí ò níyọ̀, aláìsàn ló ń jẹ ẹ́.

Ilé náà kò jìnnà sí ibi tí ọjà Aswani wà lónìí. Iyàrá tò lọ́wọ́ ọ̀tún, iyàrá tò lọ́wọ́ òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró gba àárín wọn kọjá, ilẹ̀kùn ń wo ilẹ̀kùn, débi pé bí ẹni tó dojú kọ yín bá sín, ẹ̀yin lẹ máa nu imú. Òṣòdì ni lánlọ́ọ̀dù ń gbé, bàbá tó bí bàbá mi ló fi ṣe alákòóso ilé. Bàbá Ìjọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Èkìtì kó tó wá bá wa gbé. "Ulé" ló ń pe ilé títí ó fi kú, Èkó ò rí ahọ́n rẹ̀ tún ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, páànù orí ilé á gbọ̀n, aláǹgbá tó ń sùn lájà á jábọ́, á sì jókòó síbẹ̀ bá wa ṣe ìsìn nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti dìde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Mo fi ojú mi rí i. Lẹ́yìn ikọ́ ni agogo, agogo kẹ̀kẹ́ ológeere tó ti já kúrò lára kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn agogo ni ìró ìgbálẹ̀ àwa ọmọdé, ìró korobá lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ìró sítóòfù tí wọ́n ń fún léfẹ̀ẹ́ fìì, fìì, fìì, àti òórùn ògì gbígbóná tí a ò gbọdọ̀ fẹnu kàn títí a ó fi ṣe àmín ìkẹyìn. Ebi ló kọ́ mi ní ìfọkànsìn. Fèrè ilé iṣẹ́ aṣọ ló máa ń bá wa parí ìsìn, torí bó bá ti dún, àwọn bàbá á dìde láàárín "Bàbá wa tí ń bẹ", wọ́n á fi "ní ọ̀run" sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó wọn.

Kí òfin yẹn tó dé, ẹnu la jọ máa ń là pọ̀, kálukú ń sọ tirẹ̀, ariwo náà a dà bí ìgbà tí adìyẹ rí àṣá. Ẹni yìí ń tọrọ ilé, ẹni yẹn ń tọrọ ọmọ, ẹnì kan wà tó ń tọrọ ẹ̀rọ ìránṣọ tó sì ń sọ àwọ̀ tó fẹ́. Bàbá Ìjọ kàn máa ń tẹ́tí sí wa. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún tí mò ń wí yìí, ó fi agogo pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́.

"Láti ìgbà tí mo ti dé ulé yìí," ó ní, "mi ò tíì gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn lẹ́nu yín. Ẹ kúnlẹ̀ bí onígbàgbọ́, ẹ ń tọrọ bí alágbe. Ẹni tó ń họ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ibi tó ń yún un gan-an lọwọ́ rẹ̀ kì í tó. Láti òní lọ, iyàrá tó bá dojú kọ tiyín lẹ máa gbàdúrà fún. Sókè! Kí onítọ̀hún gbọ́. Ẹni tó bá dárúkọ ara rẹ̀ kò ní pọnmi nínú ulé yìí lọ́jọ́ náà."

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Bùrọ̀dá Láyí nìkan, àpọ́n tó ń gbé iyàrá ìkẹyìn, ló nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ilé ìwẹ̀ ló dojú kọ tèmi."

"Gbàdúrà fún ilé ìwẹ̀."

Ó sì ń gbà á. Láràárọ̀ lẹ máa gbọ́ ọ: "Olúwa, gbogbo ẹsẹ̀ tó máa wọ ibẹ̀ lónìí, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n yọ̀ ṣubú. Ọṣẹ tí wọ́n bá gbàgbé síbẹ̀, jẹ́ kí olówó rẹ̀ padà wá bá a." Wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù Ilé Ìwẹ̀. Tí mo bá rò ó báyìí tí irun mi ti funfun, òun nìkan ló pa òfin náà mọ́ láìfi ọgbọ́n kankan kún un. Kò sì sẹ́ni tó yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lọ́dún náà, àfi Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀, òun sì sọ pé òun kàn fẹ́ jókòó ni.

Iyàrá Ìyá Rótìmí ló dojú kọ tiwa. Ará Ọ̀ṣun ni òun àti ọkọ rẹ̀. Òun àti ìyá mi kì í kí ara wọn, nítorí pé ó máa ń ta okùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sá ìró tútù sí i, omi á máa kán sí ẹnu ọ̀nà wa, etí ìró á sì máa gbá ìyá mi létí bó bá ń jáde. Ìyá mi náà ti sọ fún gbogbo ilé pé ọbẹ̀ Ìyá Rótìmí ń rùn fún kẹrosíìnì. Àwọn méjì yìí ló wá di dandan kí wọ́n máa gbàdúrà fún ara wọn sókè láràárọ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀:

"Olúwa, mo gbé Ìyá Rótìmí lé Ọ lọ́wọ́. Fún un ní okùn tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí oòrùn wà. La ojú rẹ̀, kó rí i pé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn kì í ṣe odò."

"Àmín o," ni Ìyá Rótìmí fi dáhùn, kò sì jẹ́ kó tutù. "Bàbá tí ń gbọ́ àdúrà, rántí Ìyá Dàpọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, fún un nísinmi. Imú rẹ̀ tó ń dé ìdí ìkòkò oníkòkò, bá a fà á sẹ́yìn."

Dàpọ̀ lèmi. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ṣe àmín, wọ́n á di ẹ̀rín mọ́ ẹ̀yìn eyín. Àwọn ọkọ wọn ò ní wo ara wọn lójú, torí ọ̀rẹ́ làwọn. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nídìí máṣíìnì tó ń hun aṣọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí wọ́n bá dé lálẹ́, òwú á ti lẹ̀ mọ́ wọn lórí, lójú, ní ìpéǹpéjú, bí àgùntàn tó rìn nínú òjò. Bàbá mi á gbọn tirẹ̀ dànù. Ti Bàbá Rótìmí ti wọlé sí i láyà. Ikọ́ rẹ̀ kì í ṣe irú ti Bàbá Ìjọ tó ń mi páànù. Kékeré ni, gbígbẹ, bí ẹni ń fi èékánná ha igbá, kì í sì í dáwọ́ dúró.

Nígbà tó yá, fóómàn wọn àtijọ́ padà sílùú rẹ̀, ọ̀gá pátápátá sì ní ọ̀kan nínú bàbá mi àti Bàbá Rótìmí ni òun máa fi dípò. Ẹni tó bá di fóómàn ti bọ́ lọ́wọ́ eruku, inú ọ́fíìsì onígíláàsì ni yóò máa jókòó, òun náà ni yóò sì máa yan ẹni tó ń ká aṣọ níyàrá ẹ̀yìn, níbi tí òwú kì í fò. Gbogbo ilé ló mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún àyà Bàbá Rótìmí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti pín ogún náà kí òkú tó kú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Bùrọ̀dá Kúnlé, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkìtì, ó ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi. Bí ọkọ òun bá ti di fóómàn, Kúnlé di aká-aṣọ. Ó ti kọ̀wé sí ìyá wọn nílé pé kó fọkàn balẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi kúnlẹ̀. Ó fi ìbòrí bo orí títí dé imú. "Olúwa, iṣẹ́ fóómàn kéré sí Bàbá Rótìmí. Ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ la ó há mọ́ Ìsọlọ̀? Gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fi í ṣe ọ̀gá ní Kàdúná."

Ìyá Rótìmí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. "Olúwa, Bàbá Dàpọ̀ ti ṣe làálàá. Mú un padà sí Èkìtì ní àlàáfíà, kó lọ máa jẹ iyán, kí ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí wọ́n má gbàgbé nǹkan kan sílẹ̀."

Bàbá Ìjọ lu agogo débi pé ìdérí rẹ̀ fò, ó bá aláǹgbá. "Ṣé awakọ̀ lẹ fẹ́ fi Ọlọ́run ṣe ni, tí ẹ fi ń ní kó kó ẹrù lọ fún yín? Ohun tí ẹ̀ ń tọrọ ní kọ̀rọ̀ fún ọkọ yín gan-an ni kí ẹ tọrọ fún ọkọ ẹnìkejì yín. Iṣẹ́ fóómàn. Ní Ìsọlọ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ Kàdúná mọ́!"

Nídìí ẹ̀rọ omi ni àwọn ìyá méjì náà ti pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo gbé korobá ìyá mi dání, mo sì fi etí mi méjèèjì gbọ́.

"Ìyá Dàpọ̀."

"Ìyá Rótìmí."

"Ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá wí?"

"Mi ò dití."

"Bí mo bá wá fi gbogbo agbára mi gbà á fún ọkọ yín, tí ẹ̀yin ń fi ẹnu lásán gbà á fún tèmi ńkọ́?"

"Ohun tí èmi náà ń rò nípa tiyín nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́jà-lọ́jà nígbà náà. Ẹ gbé tiyín wá, kí n gbé tèmi wá. Òṣùwọ̀n kan náà. Kò sí pé à ń fi ọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n."

Wọ́n bọwọ́. Ẹ wá wo ohun tí ìfẹ́ ẹnìkejì dà nílé wa. Bí ìyá mi bá ní òun ń gbààwẹ̀ nítorí Bàbá Rótìmí, Ìyá Rótìmí á kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan: "Ẹ la ẹnu." Lọ́jọ́ kan ó rí èèpo ẹ̀wà lẹ́yìn eyín rẹ̀, ó pariwo bí ẹni tó mú olè. Ìyá mi náà á ní kó ká ìró sókè kí òun wo orúnkún rẹ̀: "Kò pupa tó! Orí ìrọ̀rí lẹ kúnlẹ̀ sí lánàá. Ẹ tún un ṣe." Bí ọ̀kan bá sunkún nínú àdúrà, èkejì á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bóyá omi ni tàbí itọ́. Mo gbọ́ ọ létí mi bí ìyá mi ṣe ní, "Ẹ fi 'kíákíá' sí i! Èmi fi 'kíákíá' sí tiyín." Bí wọ́n ṣe ń pariwo tó, àwọn adìyẹ Mùṣín bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kí àwọn tiwa tó jí.

Ohun kan wà tí wọn ò rò tẹ́lẹ̀. Ìyá Rótìmí ní òun ò gba àdúrà gbogbogbòò, pé kí ìyá mi dárúkọ ohun tó ń ṣe ọkọ òun bó ṣe rí gan-an. Ìyá mi wá ní láti bèèrè. Ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń sùn? Ṣé ikọ́ náà ń mú ẹ̀jẹ̀ wá? Ìgbà wo ló burú jù? Títí ọdún yẹn, ariwo lásán ni ikọ́ yẹn létí ìyá mi, bí ariwo ọkọ̀ ojú irin l'Óṣòdì tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kì í gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn tó ti bèèrè, mo máa ń rí i tó ń ro ọbẹ̀, ikọ́ á dún lódìkejì, ọmọrogùn á dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Ó dé pẹ̀lú kóòtù kakí tuntun tó ní àpò bírò, bírò wà nínú rẹ̀, ìdérí bírò náà pupa. Ìyá mi hó yèè, ó fò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ijó ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá rí i pé gbogbo ilé ń wo òun.

Ìyá Rótìmí fara ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́yà. "Ẹ kú oríire o. Ẹ ò rí i bí àdúrà tèmi ṣe ṣiṣẹ́? Ojúlówó ni mo gbé wá sọ́jà. Tiyín dà?"

Ijó kú lẹ́sẹ̀ ìyá mi. Àbí kí ni yóò sọ? Ọkọ rẹ̀ ló gba iṣẹ́, ó túmọ̀ sí pé àdúrà ẹnìkejì ló wúwo, tirẹ̀ ló fúyẹ́. Oríire náà gan-an ló jẹ́rìí lòdì sí i. "Mo gbà á tọkàntọkàn," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Ìyá Dàpọ̀ gbàdúrà fún yín o, ọkọ rẹ̀ ló máa rí i gbà!" Bàbá Ìjọ yíjú sí ìyá mi. Ó wò ó nìkan, ó wọlé lọ. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ìyá mi gbà á tọkàntọkàn tàbí kò gbà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi níbí, bí èèyàn bá gba iṣẹ́ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, orí pẹpẹ ló ń gbà lọ, á jẹ́rìí, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, á sì dá ìdámẹ́wàá. Ìyá mi ni ẹni tí mo kọ́kọ́ rí tí ohun tó ń fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tó wá ń fi ìbòrí bo ojú lọ pọnmi.

Bàbá Rótìmí ò bínú, ó bọ bàbá mi lọ́wọ́, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ikọ́ náà sì ń le sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ilá. Bùrọ̀dá Kúnlé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi èédú àti òróró kun bàtà tó fẹ́ wọ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Èmi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, mò ń ṣọ́ ẹran. Ìyá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú omi ìṣanwọ́, kò sì dìde.

"Bàbá Dàpọ̀, ta lẹ fẹ́ fi síbi ìkáṣọ?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Àbúrò ẹ ni. Ṣé o ò rí bó ṣe ń kun bàtà?"

"Ẹ fi Bàbá Rótìmí síbẹ̀."

Òkèlè dúró lójú ọ̀nà. "Ọkọ obìnrin tó ń bú ẹ láràárọ̀?"

"Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ló ń húkọ́."

"Kúnlé wá ńkọ́? Ìyá yín nílé ńkọ́, tó o ti kọ̀wé sí?"

"Èmi ló máa bínú sí. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi gbé òkèlè náà mì. "Ó dáa, á dùn mọ́ wọn. Ìwọ náà á sì rí orúkọ ẹ gbà padà nínú ilé yìí."

"Rárá o. Tí Ìyá Rótìmí bá gbọ́ pé èmi ni, á ní kó má lọ. Ẹ ní ọ̀gá ló ṣètò ẹ̀. Ẹ bá mi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́." Ó wá di ẹsẹ̀ bàbá mi mú, bí ó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ìyá mi tí kì í bẹ̀bẹ̀ ẹran lọ́wọ́ alápatà.

Mo ti gbọ́ àdúrà láyé mi, èyí tí wọ́n fi èdè òkè gbà, èyí tí wọ́n fi orí gbálẹ̀ gbà. Ìyá mi ò dijú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ilá bàbá mi ti tutù, ó ti ń fà bí okùn. Síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn wòlíì onígbohùngbohùn yìí bá wá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún ẹlòmíràn, àwo ilá yẹn ni màá júwe fún un.

Bàbá Rótìmí bọ́ sí iyàrá ẹ̀yìn. Ikọ́ rẹ̀ ò lọ tán, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó sùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìyá Rótìmí dúró gbọnyingbọnyin níbi àdúrà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Bùrọ̀dá Kúnlé wà láàárín èmi àti ìyá mi, àpò aṣọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, torí l'Óṣòdì ló ń lọ lọ́jọ́ náà, lọ wá ẹrù tí yóò máa gbé ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹnu ọ̀nà tó ti ń kun bàtà ò jìnnà sí àwo ilá. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ lórí ilá yẹn.

"Mo dúpẹ́ o, Olúwa," ni Ìyá Rótìmí bẹ̀rẹ̀, "Ìwọ tí o ò dúró de àdúrà àwọn ayédèrú. Ìwọ fúnra Rẹ lo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Kò sí ọwọ́ èèyàn kankan níbẹ̀. Ẹni tó tẹ òṣùwọ̀n lójú mi, ojú ti tì í."

Bùrọ̀dá Kúnlé gbé orí sókè. Ó la ẹnu. Ìyá mi na ọwọ́ sábẹ́ ìbòrí, ó já a léèékánná lórí itan débi pé ó fẹ́ẹ̀ dìde.

"Ṣe àmín," ìyá mi ní.

Kúnlé di eyín.

Ó tún já a léèékánná, ó sì yí i.

"Mo ní kó o ṣe àmín."

"Àmín," ni Bùrọ̀dá Kúnlé wí, omi lé ròrò sí i lójú, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yíjú wò ó, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e.